Takú, dákú, jó, kú: ọ̀rọ̀ àléébù lẹ́nu àwọn tí ń to ẹ̀rọ iná kéékèèké

Takú (ọ̀rọ̀-ìṣe). Kí ènìyàn, ẹranko tàbí ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe. Àpẹẹrẹ: Ọmọ náà takú, kò lọ. Mọ́tò takú sí orí òkè. Bọ́ọ̀dù náà takú, kọ̀ǹpútà kò rí i.

Ìlò. Àpẹẹrẹ kẹta ni àlàyé yìí dá lé. Láti ìgbà tí àwọn olùkọ́ kan ní ìlú Ivrea ní Ítálì ti gbé Arduino jáde ní ọdún 2005 ni bọ́ọ̀dù kékeré tí a lè kọ àṣẹ sí ti di ohun ìkọ́ṣẹ́ àti ohun ìdárayá fún ọ̀dọ́ káàkiri ayé. Ìlú bí Ọ̀wọ̀, tí ó ní Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University, kò lè ṣàìní ọ̀dọ́ tí yóò fi owó oúnjẹ ra irú rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀dù bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu ni pé “ó ti kú”. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí àwọn tí ń sọ ọ́ ti rò lọ. A kì í fún òkú ní oògùn, sísin ni a ń sin ín. Ẹni tí ó bá pe bọ́ọ̀dù ní òkú ti parí ìwádìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó mìíràn ni yóò sì tún jáde. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe wẹ́kú ju “kú” lọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àléébù wọ̀nyí.

Takú ni ó yẹ fún bọ́ọ̀dù tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ó dé. Kí a kọ́kọ́ wo iná tíńtín tí a kọ ON sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tàn, iná ń wọlé, ọ̀rọ̀ ni kò wọlé. Wáyà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Wáyà USB tí ó pé ní okùn mẹ́rin nínú, ó kéré tán: méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Àwọn wáyà ṣájà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kò ní ju méjì ti iná lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ni ó ń lo irú wáyà tí fóònù ń lò. Ẹni tí ó bá fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ so bọ́ọ̀dù lè jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí wáyà bá dára, ó ku ètò inú kọ̀ǹpútà. Arduino Uno gidi ń fi ègé tí a ń pè ní ATmega16U2 bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn àfarawé rẹ̀ tí owó wọn fúyẹ́ ń lo CH340. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ètò CH340 yóò máa wo bọ́ọ̀dù bí ẹni ń wo àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé. Àfiwé yìí kò ní ṣòro fún ará Ìdóàní, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, níbi tí àdúgbò kan ti ń sọ Iyayu, èdè tí ó bá èdè Ẹ̀dó tan: ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé ni kì í ṣe odi.

Dákú yàtọ̀ sí takú. Ẹni tí ó dákú ń jí, ẹni tí ó takú wà ní ojú ayé. Bí a bá so wáyà kan mọ́ ibi tí kò yẹ, tí iná ON sì kú lójijì, bóyá tí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ kìlọ̀ pé ohun tí a so mọ́ òun ń fa iná jù, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀dù náà ti dákú ni. Uno ní fíúsì kan lẹ́nu ọ̀nà USB tí kì í jó bí fíúsì àtijọ́. Nígbà tí iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá bá ju 500 mA lọ dáadáa, yóò gbóná, yóò sì dínà. Nígbà tí ó bá tutù, yóò tún ṣí i. Kí a yọ wáyà, kí a tú ohun tí a so mọ́ ọn, kí a ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó sábà ń fà á ni kí wáyà méjì tí kò yẹ kí wọ́n pàdé kanra. “Kanra” yìí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò, ó sì tó. Kò sí ìdí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ gígùn mìíràn fún un.

Gbé pẹ̀lú ní ìlò tirẹ̀ níhìn-ín. “Iná kò gbé e” túmọ̀ sí pé iná wà, ṣùgbọ́n kò tó. Raspberry Pi, tí ó jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2012, a máa fi àwòrán mọ̀nàmọ́ná hàn lójú rẹ̀ nígbà tí iná rẹ̀ bá wálẹ̀ ju nǹkan bí 4.63 V lọ. Ìyẹn ni “iná kò gbé e” ní èdè ẹ̀rọ. Bí iná bá lọ pátápátá nígbà tí ó ń kọ nǹkan sórí káàdì ìrántí rẹ̀, káàdì náà lè dàrú, kí ẹ̀rọ sì takú ní ìgbà tí iná bá dé. Káàdì ni a ó tún kọ, a kò ní ra Pi mìíràn. Ní ẹnu àwọn ará Ọ̀wọ̀, tí ẹ̀ka-èdè wọn a máa fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi i bẹ̀rẹ̀, uná ni iná, ìtumọ̀ kò sì yí padà: ti àdògán, ti àtùpà àti ti wáyà, ọ̀kan náà ni.

Jó ni ọ̀rọ̀ tí ó léwu jù nínú gbogbo wọn. Ó túmọ̀ sí kí iná ba nǹkan jẹ́. Ó sì tún túmọ̀ sí kí a fi iná so irin pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ajórin ti ń ṣe. Nítorí náà “wáyà yìí ti jó” jẹ́ òfò, “jó wáyà yìí” sì jẹ́ iṣẹ́: kí a fi irin gbígbóná yọ́ òjé sí ojú ibi tí wáyà ti pàdé bọ́ọ̀dù. Láti yẹra fún ìdàrúdàpọ̀, ó dára kí a lo “jóná” fún òfò, kí a sì sọ pé “fi òjé jó o” fún iṣẹ́. Jò, tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, tún wà: bátìrì tí a fi sílẹ̀ pẹ́ nínú ẹ̀rọ a máa jò, omi rẹ̀ a sì jẹ irin tí ó di í mú. Nínú ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i, “batiri ti jo” lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ẹnìkan ní Ìfọ̀n bá tẹ irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, oníṣẹ́ náà lè gbé bátìrì tuntun nìkan wá, kí ó bá ilé bátìrì tí ìpẹtà ti jẹ. Ní ibi báyìí, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Owó ọkọ̀ ni.

Ségesège ni a ń sọ nípa èyí tí ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ojú òjé tí kò mú dáadáa ń fà á. Bákan náà ni ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù tí a ní kí ó máa tẹ́tí sílẹ̀, tí a kò so mọ́ ohunkóhun: yóò máa ka ohun tí kò sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bọ́ọ̀dù yóò máa fi àmì jágbajàgba ránṣẹ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Èyí ń sọ̀rọ̀, ó ń gbèsì, ohun tí ó ń sọ ni kò yé ni. Kì í ṣe wèrè. Bí ètò inú rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n 9600, tí kọ̀ǹpútà sì ń gbọ́ ní 115200, ohun tí yóò jáde nìyẹn. Kí a mú méjèèjì dọ́gba.

Èyí kì í ṣe àléébù, àṣìṣe ni. Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: àléébù wà lára ohun èlò, àṣìṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ètò. Àwọn kan ń pe àṣìṣe inú ètò ní “kòkòrò”, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. Lóòótọ́, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, a rí àfòpiná gidi nínú kọ̀ǹpútà Mark II ní Harvard, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Thomas Edison ti ń fi orúkọ yìí pe àléébù ẹ̀rọ láti ọdún 1878, àwàdà sì ni ti àfòpiná náà. Ní Yorùbá, kòkòrò a máa ti ìta wá jẹ ewé. Àṣìṣe kò ti ìta wá. “Àṣìṣe” ni kí a lò.

Kú ni ó kẹ́yìn. Kí a tó lò ó, kí a tú gbogbo wáyà kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí a pààrọ̀ wáyà USB, kí a gbìyànjú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a fi mítà wọn ẹsẹ̀ 5V rẹ̀ bóyá iná ń dé ibẹ̀. Kí a wá fi ètò kékeré tí a ń pè ní Blink sí i. Bí iná L bá ń ṣẹ́jú, tí ó ń tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì ń kú fún òmíràn, bọ́ọ̀dù wà láàyè, ohun tí a so mọ́ ọn ni kí a wò. Bí iná bá dé ẹsẹ̀ 5V, tí kò gba ètò rárá, tí ègé ńlá àárín rẹ̀ sì ń jó ni lọ́wọ́ nígbà tí kò sí ohun kan lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tọ́.

Àpẹẹrẹ: Wọ́n ní ó kú, ó takú ni, wáyà ṣájà ni wọ́n fi so ó. Bọ́ọ̀dù yìí dákú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jí. Ti àná ni ó kú.