Iṣẹ́ Tí Oúnjẹ Ń Ṣe La Fi Ń Mọ Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù ti kọ́ nílé ìwé pé ìbátan la fi ń pín irúgbìn. Bó bá délé, tó gbọ́ pé òkèlè ni iyán, òkèlè ni láfún, òkèlè sì ni ẹ̀bà, ó lè rò pé àwọn baba wa kò mọ irúgbìn kan yàtọ̀ sí èkejì. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Iṣẹ́ tí oúnjẹ ń ṣe nínú ìkòkò àti lórí àwo ni wọ́n fi pín in, Òkè-Ògùn sì ni a ti lè rí ìdí rẹ̀ kedere.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí. Òjò á dá, ọyẹ́ á dé, oúnjẹ tí kò bá ṣe é sá gbẹ lè má bá ilé la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bọ iṣu lómi gbígbóná, tí wọ́n ń fi sínú omi náà di ọjọ́ kejì, tí wọ́n ń sá a títí yóò fi di gbodo, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn Potogí kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà kò bá iṣu tan rárá. Lápálàpà àti igi rọ́bà ni ẹbí rẹ̀, ó sì ní májèlé nínú. Àwọn ìyá wa rẹ ẹ́ títí ó fi kan, tí májèlé náà fi dínkù, wọ́n sá a sórí àpáta, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n rò ó, ó di láfún. Àlejò gba àga iṣu, nítorí ó lè ṣe iṣẹ́ iṣu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo, tí òun náà ti Amẹ́ríkà wá, bá ọkà bàbà pín iṣẹ́ ògì. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi mílíìkì màlúù ṣe, tí wọ́n bá dín in tán, ipò ẹran ló ń dì mú nínú ọbẹ̀. Igi emi wá ṣe òdìkejì: ara èso rẹ̀ là ń jẹ tútù, kóró rẹ̀ ló ń di òrí. Igi kan, ẹgbẹ́ méjì.

Ẹnìkan lè ní ìpín onímọ̀ irúgbìn nìkan ló jóòótọ́. Àmọ́ ní 1893, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ẹ̀fọ́ ni tòmátì lójú òfin owó ibodè, bó tilẹ̀ jẹ́ èso lójú onímọ̀, torí pé pẹ̀lú oúnjẹ gan-an ni wọ́n ń jẹ ẹ́, kì í ṣe bí ìpanu ẹ̀yìn oúnjẹ. Ìbéèrè tí èèyàn ń bi irúgbìn ló ń sọ ìpín tó yẹ.

Àtakò kan lágbára ju ìyẹn lọ, mo sì gbà á. Ara tí kò gba oúnjẹ kan kò mọ ẹgbẹ́ ìkòkò. Wàrà inú ọbẹ̀, mílíìkì ṣì ni. Kóró èso igi irúgbá la fi ń ṣe irú látijọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń fi sóyà ṣe é báyìí. Irú náà ni lẹ́nu, ó sì lè ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ kọ sóyà ní jàǹbá. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó wà lẹ́yìn odi, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìpín méjèèjì. Kí ẹ tó ra irú, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá irúgbá ni tàbí sóyà, kí ẹ sì sọ fún ilé ìwé ọmọ pé mílíìkì màlúù ni wàrà.