Fọ́tò Oòrùn Àárọ̀ àti Àdúrà Tí N Kò Gbà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, èmi gan-an ni ó kọ́kọ́ bá wí.

Dókítà ni ó sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Nítorí pé ilé wa kò jìnnà sí òkun, ní apá Ìbẹ̀jú, etí òkun ni mò ń gbà. (Ẹ má rò pé eré ọ̀dọ́ ni o. Àwọn ajá àdúgbò pàápàá máa ń kọjá lára mi.)

Bí ẹ kò bá tíì rí bí oòrùn ṣe ń yọ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Gúúsù ni etí òkun wa kọjú sí. Nítorí náà, ní oṣù kẹfà, orí ilẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ, lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Ṣùgbọ́n bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, oòrùn á ti sún sí ìhà gúúsù, á sì máa yọ láti ojú omi. Ojú ọ̀run á kọ́kọ́ mọ́ fún bí ìṣẹ́jú 20. Nígbà tí oòrùn fúnra rẹ̀ bá yọjú, kò ju ìṣẹ́jú 2 sí 3 lọ tí yóò fi jáde tán. Bí ọyẹ́ bá mú, eruku tó ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá á bò ó, á wá pọ́n bí ẹyìn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù yà á nìyẹn. Mo kọ́ bí a ti ń nu iyọ̀ òkun kúrò lójú rẹ̀. Mo kọ́ láti fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù kí n sì fa ìmọ́lẹ̀ náà wálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn á kàn funfun báláú ni. Mo ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìjọ lórí WhatsApp pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì kan. Wọ́n á ní, “Pásítọ̀ wa ti wà níwájú Olúwa láti ìdájí.” N kò bá wọn jiyàn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, màmá kan nínú ìjọ wa, opó ni, sọ fún mi pé wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ òun ní aago méje àárọ̀. “Pásítọ̀, bí ẹ bá ti wà létí òkun yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dárúkọ rẹ̀.” Mo ní màá ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu dúdú kan dúró lórí òkun, abẹ́ rẹ̀ sì là díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí oòrùn bá gba ibẹ̀ yọ, n kò ní ya irú rẹ̀ mọ́. Mo dúró. Mo tilẹ̀ bẹ àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n pé kí wọ́n yà díẹ̀ fún mi. Oòrùn yọ lóòótọ́. Mo ya fọ́tò 31, mo yan èyí tó dára jù, mo sì kọ Sáàmù 19:5 sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi oòrùn wé alágbára tó ń sáré ìje. Mo padà sílé, mo mu ẹ̀kọ.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni màmá náà pè mí. “Pásítọ̀, ó ti lajú! Níbi tí mo jókòó sí ní ọsibítù ni mo ti rí fọ́tò yẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ẹ ti dárúkọ ọmọ mi nìyẹn.”

Ara mi tutù.

N kò sọ pé fọ́tò yíyà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ ka Máàkù 1:35 sí 37. Jésù dìde ní ìdájí, ó lọ gbàdúrà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní láti wá a kiri. Kò ránṣẹ́ ibi tó wà sí ẹnikẹ́ni. Fọ́tò tèmi jẹ́rìí èké. Ẹ wo inú fóònù tiyín náà: fọ́tò ìsìn, fọ́tò ọrẹ tí ẹ fún aláìní, fọ́tò ọjọ́ ààwẹ̀. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa yín?

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó lè lọ sọ fún màmá náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wá ní, “Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́, sà. Èmi náà kò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnu mi là. Ẹ̀yin ni mo gbé e lé lọ́wọ́.”

Àwa méjèèjì wo ara wa. Ọmọ náà wà lórí àga, ó ń jẹ búrẹ́dì. A kúnlẹ̀ síbẹ̀, a sì dárúkọ rẹ̀.