Ṣé O Mọ̀? Fíláàṣì Lásán Lè Gbé Gèémù Rẹ Rìn

Nígbà tí ẹ̀rọ gèémù Xbox 360 jáde lọ́dún 2005, káàdì ìrántí tí Microsoft ṣe fún un kò ju 64MB lọ. Ẹni tó fẹ́ máa bá gèémù rẹ̀ lọ nílé ọ̀rẹ́ ní láti rà á, tàbí kó yọ háàdì díìsì dání. Oṣù kẹrin ọdún 2010 ni ìtura dé: fíláàṣì USB lásán, bó bá ti tó 1GB, di ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbà. O kó fáìlì gèémù àti prófáìlì rẹ sí i, o tì í bọ ẹ̀rọ kejì, o sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí o dúró sí gan-an. Àìsùn ọ̀pọ̀ òru ló wà nínú fáìlì yẹn. Jọ̀wọ́, má fa fíláàṣì yọ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́.