Omi Ni Ọ̀tá Páànù: Àtúnṣe sí Ohun Tí Mo Kọ́ Yín Nípa Ẹran Díndín

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà báyìí, kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ìrẹsì, ẹran màlúù àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n máa ń dín níwájú oníbàárà ní àwọn ilé oúnjẹ Jàpáànì níbẹ̀. Owó ibẹ̀ kò ṣe é san lóòrèkóòrè fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, ló bá ní òun á sè é nílé. Ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹran ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, tó sì le bí awọ bàtà. Ó wá kọ ọ́ pé: "Prof, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní kíláàsì pé iná líle máa ń dí ojú ẹran pa, kí omi inú rẹ̀ má baà jáde. Iná mi le o, sà, síbẹ̀ gbogbo omi ló jáde. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Mo ka ìwé yẹn tán, mo dákẹ́. Ọmọ náà kò ṣe ohun tí kò dáa. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni mo kọ́ ọ ní àṣìṣe, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní kíláàsì kẹ́mísírì bí àpẹẹrẹ, torí pé ó dùn létí, mi ò sì dán an wò rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ yìí ṣe àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, hibachi ni wọ́n ń pè é. Ní Jàpáànì, hibachi kì í ṣe oúnjẹ rárá. Àwo iná ni: wọ́n á da eérú sí i, wọ́n á kó ẹ̀yinná lé e lórí, wọ́n á fi máa yáná nínú ilé nígbà òtútù. Irin pẹlẹbẹ gbígbóná tí alásè máa ń dúró tì, teppan ni. Yaki ni yíyan tàbí díndín. Teppanyaki ni orúkọ iṣẹ́ náà gan-an. Ilé oúnjẹ Misono ní ìlú Kobe ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní 1945. Ní 1964, Hiroaki Aoki, ọmọ Jàpáànì tó ti ja ìjàkadì rí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Rocky, ṣí ilé oúnjẹ Benihana sí New York. Láti ibẹ̀ ló ti gbalẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Abọ́ ìrẹsì tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tàbí ẹran lé lórí tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Donburi nìyẹn. Tó bá jẹ́ ti ẹran màlúù, a jẹ́ pé gyūdon ni, tí ilé oúnjẹ Yoshinoya ti ń tà láti 1899, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjà ẹja Nihonbashi ní Tokyo. Ẹ má rò pé àtayébáyé ni wọ́n ti ń jẹ màlúù níbẹ̀ o. Ọba Tenmu ti fi òfin dè é ní 675, ó sì pẹ́ kí ojú tó là sí i. Ní 1872 ni wọ́n kéde pé Ọba Meiji jẹ ẹran màlúù, tí àwọn aráàlú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i bí ohun tó bójú mu. Ohun tí a fẹ́ sè nílé yìí, ọmọ àwọn méjèèjì ni: ẹran orí irin, nínú abọ́ ìrẹsì.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àṣìṣe mi. Justus von Liebig, àgbà onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Jámánì, ló gbé èrò náà jáde ní 1847, pé ooru líle máa ń sọ ojú ẹran di èèpo tí omi kò lè là kọjá. Orúkọ rẹ̀ tóbi, èrò náà sì tàn. Ṣùgbọ́n etí lásán tó láti tú u fó. Ẹ fi ẹran sí páànù gbígbóná, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún ṣàà. Kí ló ń dún? Omi ni, tó ń jáde, tó ń di oru. Tó bá jẹ́ pé ojú ẹran ti dí pa, ìró yẹn ì bá dákẹ́. Kì í dákẹ́. Ẹ tún gbé ẹran tó ti pọ́n dáadáa sórí àwo fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá wo omi tó máa sun sábẹ́ rẹ̀.

Kí wá ni iná líle ń ṣe, tí ẹran ilé oúnjẹ wọ̀nyẹn fi máa ń dùn? Ọmọ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló ṣàlàyé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1912. Nígbà tí ṣúgà àti àwọn èròjà inú purotéènì bá pàdé nínú ooru líle, wọ́n á di ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà tuntun tí wọ́n ní òórùn àti adùn tiwọn, ojú oúnjẹ á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó máa ń fẹ́ ooru tó bíi 140°C kó tó yára ṣẹlẹ̀. Omi ní tiẹ̀ kì í gbóná kọjá 100°C nínú páànù wa tí kò bá tíì gbẹ. Ẹ ti mọ èyí láìmọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n: iṣu tó wà nínú omi híhó kò ní pọ́n láéláé, àfi tó bá dé inú òróró kó tó di dùǹdú. Bí ojú ẹran bá tutù nínú omi, sísè lẹ ń sè é, ẹ kò tíì dín nǹkan kan.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Láti mú gíráàmù omi kan kúrò ní 0°C dé 100°C, agbára tí a nílò tó nǹkan bíi 420 joule. Láti wá sọ gíráàmù kan yẹn di oru, a tún nílò nǹkan bíi 2,260 joule. Ó ju ìlọ́po márùn-ún lọ! Omi ló sì kó bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹran màlúù tí kò lọ́ràá. Irin ilé oúnjẹ nípọn, ó ti kó ooru pamọ́ sínú, iná sì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ tí kò sinmi, ó lè san gbèsè yẹn. Páànù tiwa kò lè san án lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá da ìdajì kílò ẹran sí i lẹ́ẹ̀kan, páànù á tutù, omi á ga ju oru lọ, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Gbogbo ọgbọ́n tó kù, ọgbọ́n àtilé omi kúrò lójú oúnjẹ kíákíá ni.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá ìdajì kílò ẹran màlúù tí kò ní egungun, ife ìrẹsì méjì, àlùbọ́sà ńlá méjì, kárọ́ọ̀tì méjì, súkínì kan (kábéèjì náà á ṣe é), àti ẹ̀kúnwọ́ olú méjì. Ẹ ní bọ́tà ṣíbí ìjẹun méjì, sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ṣúgà ṣíbí kékeré kan, aáyù mẹ́ta àti atalẹ̀ díẹ̀.

Ẹ gbé ẹran sínú fírísà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó le díẹ̀ láìdi òkúta, kí ọ̀bẹ lè rí i gé fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wo ojú rẹ̀: ẹ ó rí ìlà okùn ẹran tó lọ gbọọrọ. Ẹ gé e ní dábùú ìlà yẹn, kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bí okùn bá ti kúrú, eyín kò ní ṣe wàhálà púpọ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹran yín jẹ́ ti màlúù tó ti rìn jìnnà, ẹ fi ìbẹ́pẹ tútù tí kò pọ́n pa á lára fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ ṣàn án kúrò. Èròjà papain inú rẹ̀ ń gé purotéènì, torí náà ẹ má gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹran á di jọ̀bọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pépà nù ún gbẹ. Ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má da sọ́ọ̀sì sóyà lé e lórí ṣáájú, torí omi ni òun náà, ṣúgà inú rẹ̀ sì máa ń tètè jó.

Ẹ gbé páànù irin tó wúwo ka iná, kó gbóná títí omi tí ẹ bá ta sí i á fi máa sáré kiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ da òróró díẹ̀ sí i, ẹ wọ́n iyọ̀ sí ẹran, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta. Ẹ to ìdá kan sí i, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ẹ fi sílẹ̀! Bí ìṣẹ́jú kan, ẹ yí i padà, ìdajì ìṣẹ́jú mìíràn, ẹ kó o jáde. Ẹ jẹ́ kí páànù tún gbóná, kí ìdá kejì tó wọlé. Ní àwọn ilé oúnjẹ náà, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí inú rẹ̀ ṣì pupa. Omi pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, èròjà myoglobin ló pa á láró. Ṣùgbọ́n ẹran tó fẹ́lẹ́ báyìí á jinná dénú kó tó ráyè le, ẹ jẹ́ kó jinná.

Ẹ̀fọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni: kárọ́ọ̀tì ṣáájú torí ó le, àlùbọ́sà tẹ̀lé e, súkínì lẹ́yìn. Ẹ dá olú dín lọ́tọ̀, torí omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ fi iyọ̀ sí wọn, torí iyọ̀ ń fa omi jáde.

Tí ẹ bá fẹ́ ìrẹsì funfun lábẹ́ ẹran, ẹ sè é bẹ́ẹ̀, ó ti tó. Tó bá jẹ́ díndín lẹ fẹ́, ti àná ló dáa jù, torí sítáàṣì inú rẹ̀ á ti tún dì, ojú rẹ̀ á ti gbẹ, hóró kò ní lẹ̀ mọ́ra. Ìrẹsì tí a ti bọ̀ kí wọ́n tó pa èèpo rẹ̀, irú èyí tó pọ̀ lọ́jà wa, kì í lẹ̀ púpọ̀, ó sì dára fún èyí.

Àmọ́ níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ má fi ìrẹsì sílẹ̀ nínú ìkòkò lórí sítóòfù mọ́jú, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Ó máa ń di kóró tí omi híhó kò lè pa, tí ìrẹsì bá sì pẹ́ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, á jí, á máa pọ̀, á sì tú májèlé sílẹ̀. Ẹ lè dín in títí, iná kò ní pa májèlé èébì yẹn run. Ẹ tẹ́ ìrẹsì sórí àwo fífẹ̀ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ má dán ti àná wò. Ẹ dín omi sísè rẹ̀ kù díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì dín in lójú ẹsẹ̀.

Ìparí: bọ́tà, aáyù àti atalẹ̀ wọnú páànù, ìrẹsì tẹ̀lé wọn. Ẹ po ṣúgà mọ́ sọ́ọ̀sì sóyà, ẹ ta á sí ẹ̀gbẹ́ páànù kó hó, kí òórùn rẹ̀ jáde. Ẹran àti ẹ̀fọ́ á padà wọlé fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ bù ú sínú abọ́. Sọ́ọ̀sì olómi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ fẹ́ràn, máyónéèsì, tòmátì, ṣúgà àti aáyù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà ló bí ìyẹn, kì í ṣe Jàpáànì.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Lánàá ó dá mi lóhùn pé ọmọ òun jẹ abọ́ méjì, ó wá béèrè ibi tí iná tí wọ́n máa ń dá láàárín àlùbọ́sà wà. Mo ní kó má dá ìyẹn nílé o.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti di olùkọ́ lónìí. Tí ẹ bá ti sọ ọ̀rọ̀ "dídí ojú ẹran pa" yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì yín, ọ̀dọ̀ mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe níwájú wọn. Kí ẹ sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.