Kí onílé tó ra gílóòbù tó ń gbọ́ àṣẹ fóònù, kó kọ́kọ́ yẹ wáyà ilé rẹ̀ wò

Lágbègbè Ojú Ẹlẹ́gbà, ní Sùúrùlérè, ilé gbígbé àti ibi ìtajà kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Lókè ni ìdílé ń sùn, nísàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, ẹni tó ń ta ẹja yìnyín sì lè jẹ́ lánlọ́ọ̀dù ẹni tó ń ṣe irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ta ohun èlò smart home ń polówó ọjà fún báyìí: gílóòbù tí wọ́n ń tàn láti orí fóònù, súwíìṣì tó ń pa ara rẹ̀, kámẹ́rà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà ọjà. Ọjà náà wúlò. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń rà á ló kù díẹ̀ káàtó.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1975 nilé iṣẹ́ Pico Electronics, ní ìlú Glenrothes, lórílẹ̀-èdè Scotland, ti ṣe X10, ẹ̀rọ tó ń gba inú wáyà iná ilé fi àṣẹ ránṣẹ́ sí gílóòbù. Fóònù àti Wi-Fi ló wá sọ ọ́ di ohun tí oníṣòwò kékeré lè rà. Àmọ́ ṣá o, ilé tí iná kì í lọ làwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí ní lọ́kàn.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onílé bi ẹni tó ń tajà fún un léèrè: bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já ńkọ́? Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bà jẹ́ nítòsí Àbíjàn, wàhálà rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ báńkì àtàwọn oníṣòwò ní Nàìjíríà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, súwíìṣì tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà òkè òkun ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lè má gbọ́ràn sí fóònù mọ́. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló máa ń kógbá sílé. Lóṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Nest pa kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ Revolv, ohun tí àwọn èèyàn fowó rà sì di ike lásán. Àwọn tó ra ti Insteon rí irú rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2022, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti inú ilé fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì tún lè fọwọ́ tẹ̀, ló dáa kí èèyàn rà. Àmì Matter, tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2022, tí Apple, Google àti Amazon wà lára àwọn tó ṣe é, wà fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni wáyà. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ṣe iná wọn lọ́nà ti àwọn ará Britain, wáyà pupa ló ń gbé iná wá, dúdú ló ń dá a padà. Pupa nìkan ni súwíìṣì máa ń já, nítorí náà oníṣẹ́ iná kì í mú dúdú dé ibi súwíìṣì. Òkè àjà ló máa ń parí sí. Súwíìṣì lásán kò nílò rẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kékeré wà nínú súwíìṣì tó ń gbọ́ fóònù, kì í sùn, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí iná kódà nígbà tí gílóòbù bá kú. Bí kò bá sí wáyà dúdú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní í ṣiṣẹ́. Oríṣi tí wọ́n ní kò nílò dúdú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí gílóòbù LED ṣẹ́jú nígbà mìíràn.

Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣẹ́ iná rẹ̀, kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, pé kó mú wáyà dúdú dé gbogbo ibi súwíìṣì, kó sì lo àpótí tó jìn tó mílímítà 35 ó kéré tán, torí súwíìṣì wọ̀nyí máa ń nípọn. Wáyà mítà díẹ̀ ni ìnáwó rẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kun ilé tán, gbígbẹ́ ògiri ló kù. Kó tún ya iná, Wi-Fi, fírísà àti POS sọ́tọ̀ sí bọ́ọ̀dù tiwọn, kúrò lára áyọ́ọ̀nù àti AC, kí ínfátà tó bá rà lọ́jọ́ iwájú lè gbé wọn láìgbé ilé lódindi.

Ní ti ilé àtijọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti ọdún 1955 ni àjọ LEDB ti ń kó àwọn èèyàn láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Sùúrùlérè, ilé tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún sì pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n yẹ wáyà irú ilé bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó ti jóná, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ kankan kún un. Ayálégbé kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ògiri onílé. Ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì, tàbí pọ́lọ́ọ̀gì tó ń gbọ́ fóònù, ló bá a mu. Kó wo ohun tí wọ́n kọ sára pọ́lọ́ọ̀gì náà: oní-10 ampere kò lè gbé ju wáàtì 2,300 lọ ní fóltì 230 tiwa. Ọjà tí ìbátan fi ránṣẹ́ láti London máa ń bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Tàwọn ará Amẹ́ríkà, fóltì 120 ni wọ́n ń lò, tí wọn ò bá kọ 230 sára rẹ̀, jíjó ni yóò jó.

Nínú gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, èyí tó lè pa owó mọ́ jù fún ẹni tó ń ta ẹja yìnyín kì í ṣe gílóòbù aláwọ̀ méje. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òtútù inú fírísà, tó sì ń pe fóònù bí òtútù náà bá ń lọ sókè, ni. Fírísà tó kún dáadáa, tí wọn kò ṣí, lè mú yìnyín rẹ̀ dúró fún nǹkan bíi wákàtí 48. Tó bá kún dé ìdajì, nǹkan bíi 24 ni, ooru Èkó sì lè dín in kù. Ẹni tó bá gbọ́ lóru ṣì lè tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹja tó bà jẹ́. Àmọ́ bí iná tó gbé fírísà lọ bá gbé Wi-Fi lọ pẹ̀lú, ìpè náà kò ní í jáde. Wi-Fi gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀.

Iná tún ti di ohun tí wọ́n ń fi ìṣọ́ra lò. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Ní 225 yẹn, ẹ̀rọ oníwáàtì 1,000 tí wọ́n gbàgbé sí títàn fún wákàtí mẹ́wàá jẹ náírà 2,250 nìyẹn, láàárín òru kan. Níbẹ̀ ni súwíìṣì tó ń pa ara rẹ̀ ti lè san owó orí ara rẹ̀.

Kámẹ́rà ńkọ́? Èyí tó ń tọ́jú àwòrán sínú káàdì tirẹ̀ ló dáa, torí fífi àwòrán ránṣẹ́ tọ̀sán-tòru máa ń jẹ dátà gan-an, NCC sì ti fọwọ́ sí i lóṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e kọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọn kò yí padà ni àwọn ọ̀daràn lò lọ́dún 2016 láti fi Mirai gba àìmọye kámẹ́rà kárí ayé, tí wọ́n sì fi wọ́n kọ lu íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Kí ojú kámẹ́rà má sì wọ yàrá aládùúgbò. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà ọdún 2023.

Ohun kan kù tí kò ná onílé ní kọ́bọ̀. Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, kó ya fọ́tò gbogbo páìpù àti wáyà, yàrá kọ̀ọ̀kan, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó sì kó o pọ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó ṣe é lónìí lè ti kúrò ládùúgbò nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ lu ìhò sára ògiri náà.