Ọjọ́ Ìdájọ́ Ìkẹyìn àti Ìdájọ́ Ẹ̀yìn Ikú

Kí Bíbélì tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn àgbà ti gbà pé ẹni tí ó bá kú yóò lọ jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níwájú Olódùmarè. Ẹni rere ń lọ sí ọ̀run rere. Òṣìkà ń lọ sí ọ̀run àpáàdì, ibi àkúfọ́ tí kò ṣe é tún mọ. Orúkọ yìí kan náà ni Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, fi pe ibi ìjìyà ayérayé.

Ohun tí ó ṣàjèjì ni ọjọ́ náà. Lójú àwọn àgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ikú ń pe ènìyàn lọ jẹ́jọ́. Nínú Mátíù orí 25, gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò pé jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a ó sì yà wọ́n bí àgùntàn kúrò lára ewúrẹ́. Bí òkú bá ti wà ní ọ̀run rere tàbí àpáàdì, ẹjọ́ wo ni ó kù tí a ó tún dá?

Ìbéèrè yìí ti da Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀ láàmú rí. Ní 1331, Póòpù John Kejìlélógún wàásù ní Avignon, ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí, pé ọkàn àwọn olódodo kò ní í rí Ọlọ́run lójúkojú títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn takò ó, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà kí ó tó kú ní 1334. Ní 1336 ni Benedict Kejìlá, tí ó jẹ tẹ̀ lé e, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lẹ́yìn ikú ni olódodo ti ń rí Ọlọ́run, tí ẹni tí ó kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ń lọ sí ìjìyà. Síbẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò fi ara hàn níwájú Kírísítì ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ó dà bí ẹjọ́ tí a ti dá ní ìyẹ̀wù tí a wá ń kéde láàrin ọjà. (Àwọn Adventist kò gba èyí: lójú tiwọn, òkú ń sùn ni títí di àjíǹde.)

Ìbéèrè Babátúndé ni kò yọjú ní Avignon. Bí bàbá bá ti padà wá sáyé, ta ni yóò jẹ́jọ́ bàbá? Nínú ìwé rẹ̀ ti 1962 lórí Olódùmarè, Bọ́lájí Ìdòwú ṣàlàyé pé òkú ṣì wà ní ọ̀run bí ó tilẹ̀ ń farahàn lára ọmọ-ọmọ. Àlàyé yìí fi bàbá sílẹ̀ níbi tí ìpè yóò ti bá a, ó sì tẹ́ onígbàgbọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àlàyé ọ̀mọ̀wé ni. Ìdílé tí ó sọ ọmọ ní Yétúndé níwájú àlùfáà lè gbà láìṣàbòsí pé ìyá ti padà láti wá tún ayé rẹ̀ ṣe, nígbà tí ọjọ́ ìdájọ́ tí wọ́n ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan náà kò fún ìyá ní ju ayé kan lọ.