Amí Nínú Àjọ NDLEA: Ìwé Ló Fi Ń Bo Ara Rẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn kan nínú wa ti ń wá iṣẹ́ sí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́: ṣé wọ́n ní amí lóòótọ́, àbí nínú fíìmù nìkan ni? Wọ́n ní. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò jọ ti fíìmù.

Òfin Nọ́ńbà 48 ti ọdún 1989 ló dá àjọ náà sílẹ̀. Èyí tí a mọ̀ jù ni àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú. Ní ti apá tó fara sin, ẹ jẹ́ ká wo oṣù Kíní ọdún 2022.

Gẹ́gẹ́ bí àjọ náà ṣe sọ, ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Abba Kyari, ọ̀gá ọlọ́pàá olókìkí tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, pe òṣìṣẹ́ NDLEA kan l'Ábújà. Ó ní àwọn ọmọ òun gba kokéènì kìlógíráàmù 25 lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wọlé láti Etiópíà, wọ́n sì ti yọ 15 nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n jọ parí ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ yìí kò bá a jà. Ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ní kó máa ṣe bí ẹni tó ti gbà. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ká ohùn àti àwòrán sílẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Inú ọkọ̀ yẹn ló ti gba $61,400. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, àjọ náà tú àṣírí náà fún àwọn oníròyìn. Kyari ní kóòtù ní òun kò jẹ̀bi.

Ẹ wá yọ ìròyìn tó kọ́kọ́ lọ jẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀ kúrò. Kí ló ṣẹ́ kù? Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba dọ́là nínú mọ́tò nítorí kokéènì, lábẹ́ òfin tó lè sọ ẹni tó bá kó o wọlé sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ìwà amí àti ti ọ̀daràn lè jọra délẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ṣáájú, owó tí wọ́n kà tí wọ́n sì kọ sílẹ̀, ohùn tí wọ́n ká, àwọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. (Ẹ̀yin tí ìwé kíkọ máa ń sú, ẹ má dáwọ́ lé e.)

Ọmọ Èrúwà ni mí, mo sì mọ̀ pé irọ́ lásán kò lè fara pamọ́ níbẹ̀. Kí àlejò tó lo ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á ti bi í: ọmọ ta ni ẹ́, agboolé wo? Amí tó bá máa ṣiṣẹ́ nírú ìlú wa nílò ìdí gidi tó gbé e débẹ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe ní tòótọ́, ẹni tó lè jẹ́rìí sí i.

Òṣìṣẹ́ ti Ábújà ńkọ́? Nínú ìròyìn tí àjọ náà kà lọ́jọ́ yẹn, wọn kò dárúkọ rẹ̀.